Ilé-Ẹjọ́ Ti Wọ́gi Lé Òfin Ìbọn: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ̀ Bóyá Ó Kan Ìpínlẹ̀ Tí Ẹ̀ Ń Gbé

Lọ́jọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní ìlú Richmond ní Virginia dá ẹjọ́ kan tó kan Maryland. Òfin Maryland sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní HQL: á tẹ̀ka, á jókòó kíláàsì wákàtí mẹ́rin, á san 50 dọ́là, ó sì lè tó ọgbọ̀n ọjọ́ kí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tó dá a lóhùn. Nínú adájọ́ mẹ́ta tó gbọ́ ẹjọ́ náà, méjì ní òfin yìí ta ko ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ dé orí WhatsApp. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jí lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn ní Laurel lọ́jọ́ kejì láì mú HQL dání, bó ṣe lọ ló ṣe máa padà. Òfin tí wọ́n ní ó ti kú ṣì ń mí. Ní oṣù kìíní 2024, gbogbo adájọ́ ilé-ẹjọ́ náà gba ẹjọ́ ọ̀hún lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ, wọ́n ní òfin náà dúró digbí. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án tí gbogbo èyí fi ṣẹlẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí ará ìlú lásán lè ra ìbọn ìléwọ́ ní Maryland láì ní ìwé yẹn.

Ohun tí a fẹ́ ṣe níbí ni pé kí ẹ lè tọ ipa ìdájọ́ kan fúnra yín, láti ẹnu adájọ́ dé orí káńtà ṣọ́ọ̀bù, tàbí dé ẹ̀gbẹ́ títì tí ọlọ́pàá ti dá yín dúró. Ìbéèrè mélòó kan ni. Ẹ má fo ọ̀kankan, torí ibi tí ènìyàn bá fò ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ́yìn yọ.

Ilé-ẹjọ́ wo ló sọ̀rọ̀?

Ẹjọ́ tó bá dá lórí ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ níwájú adájọ́ kan ṣoṣo, ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní District Court. Láti ibẹ̀ ó ń lọ sí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, níbi tí adájọ́ mẹ́ta ti máa ń gbọ́ ọ. Nígbà míì, bíi ti Maryland yẹn, gbogbo adájọ́ ibẹ̀, tàbí ẹgbẹ́ ńlá nínú wọn, á pé jọ tún un gbọ́. En banc ni wọ́n ń pe ìyẹn. Lókè pátápátá ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ wà ní Washington, adájọ́ mẹ́sàn-án. Ohùn adájọ́ District Court kò de adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kankan. Ohùn ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò kọjá àwọn ìpínlẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohùn Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ nìkan ló de gbogbo ilẹ̀ náà.

Nítorí náà, ẹ mọ sàkáání tí ẹ wà, ìyẹn Circuit, àgbègbè tí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kọ̀ọ̀kan ń bójú tó. Houston àti Dallas wà lábẹ́ Fifth Circuit, pẹ̀lú Louisiana àti Mississippi. Maryland wà ní Fourth, òun àti Virginia, West Virginia àti Carolina méjèèjì. Chicago àti Indianapolis, Seventh. New York, Second. Newark àti Philadelphia, Third. Atlanta, Eleventh. California, Ninth. Bí ẹnì kan bá fi ìdájọ́ Fifth Circuit ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbé Baltimore, ìròyìn lásán ni fún un. Kò yí ohunkóhun padà nílé rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ìbọn títà kò gbọdọ̀ ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21. Ní oṣù kìíní 2025, Fifth Circuit ní òfin yẹn tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ọdún 18 sí 20 lójú. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, Fourth Circuit gbé òfin kan náà wò, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Òfin kan, ìwé òfin kan, èsì méjì. Irú ìyapa báyìí ló máa ń mú kí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá sí ọ̀rọ̀. Kó tó dá sí i, ibi tí ẹ̀ ń gbé ló máa sọ èsì tó kàn yín.

Ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ náà lè sọ tirẹ̀ lórí ìwé òfin ìpínlẹ̀ tó bá ní ọ̀rọ̀ ìbọn nínú. Ó lè fi kún ẹ̀tọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fún yín. Kò lè yọ nínú rẹ̀. Ní oṣù kejì 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Hawaii kọ ìdájọ́ kan tó fi hàn gbangba pé ohun tí Washington ń sọ nípa ìbọn kò bá àṣà Hawaii mu. Wọ́n ráhùn o, ṣùgbọ́n ìráhùn kò sọ wọ́n di òmìnira lọ́wọ́ Washington.

Òfin wo ni wọ́n gbé sórí ìwọ̀n?

Òfin ìbọn ní Amẹ́ríkà dà bí ẹni tó wọ bùbá tó tún gbé agbádá lé e. Bùbá ni òfin ìjọba àpapọ̀, agbádá ni ti ìpínlẹ̀. Ilé-ẹjọ́ lè bọ́ ọ̀kan kó má fọwọ́ kan èkejì, ibí yìí ló sì ti ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni bump stock, ohun èlò tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ìbọn gígùn kó lè máa yin ọta léraléra bí ìka ṣe ń lu tírígà látàrí bí ìbọn ṣe ń ta padà. Iléeṣẹ́ ATF, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn fún ìjọba àpapọ̀, ti ní ẹgbẹ́ ìbọn arọ̀jò-ọta ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2024, nínú ẹjọ́ Garland v. Cargill, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta sọ pé ATF kọjá àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ilé-ẹjọ́ gbé yẹ̀ wò? Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà nínú òfin tí àwọn aṣòfin àpapọ̀ ṣe ni. Wọn kò sọ pé ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni ni láti ní bump stock. Nítorí náà òfin Maryland, ti New York àti ti California tó ka nǹkan yìí léèwọ̀ dúró síbi tí wọ́n wà. Ẹni tó gbọ́ "ilé-ẹjọ́ ti gbà á láyè" tó wá rà á wọ Maryland, òfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n máa fi gbé e.

Ọ̀nà láti dá a mọ̀ kò le. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdájọ́, wọ́n sábà máa ń kọ ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ dáhùn. Bí ẹ bá rí "Second Amendment" níbẹ̀, ìyẹn Àtúnṣe Kejì sí ìwé òfin Amẹ́ríkà tó sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni, ó sì lè kan òfin ìpínlẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ òfin kan, bíi Gun Control Act tàbí National Firearms Act, ìtumọ̀ òfin ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ń wá, ti ìpínlẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Agbádá náà lè bọ́ kí bùbá kù sọ́rùn. Igbó ti di ohun tí àgbàlagbà lè rà ní ṣọ́ọ̀bù ní Maryland láti oṣù keje 2023, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù 4473 tí ẹ máa kọ kí ẹ tó ra ìbọn ṣì ń béèrè bóyá ẹ̀ ń lo igbó, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbàǹgbà pé ohun tí ìpínlẹ̀ yín sọ kò yí òfin ìjọba àpapọ̀ padà. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbà ní oṣù kẹwàá 2025 láti gbọ́ ẹjọ́ kan lórí èyí, United States v. Hemani. Ẹ wo ibi tó dé kí ẹ tó fi ohunkóhun sínú fọ́ọ̀mù yẹn, kí ẹ sì rántí pé irọ́ nínú rẹ̀ lè di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ìwọ̀n náà fúnra rẹ̀

Bí ẹ bá mọ bí adájọ́ ṣe ń wọn òfin, ẹ lè fojú bù ú ṣáájú bóyá òfin ìpínlẹ̀ yín máa dúró tàbí ó máa ṣubú. Àtúnṣe Kejì sí ìwé òfin Amẹ́ríkà ti wà láti ọdún 1791, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí ó tó ní eyín. Ní 2008, nínú ẹjọ́ District of Columbia v. Heller, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni láti ní ìbọn ìléwọ́ nínú ilé rẹ̀ fún ààbò. Washington nìkan nìyẹn kàn, torí ìjọba àpapọ̀ ló ni ìlú náà. Ọdún 2010 ni McDonald v. City of Chicago gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, nípasẹ̀ Àtúnṣe Kẹrìnlá ti ọdún 1868. Láti ìgbà yẹn ni òfin ìbọn ìpínlẹ̀ èyíkéyìí ti lè dé iwájú adájọ́ àpapọ̀.

Ẹjọ́ tó wá yí ìwọ̀n padà ni New York State Rifle & Pistol Association v. Bruen, ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 2022, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta, Clarence Thomas ló kọ ọ́. Òfin New York kan tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbọn ìléwọ́ jáde nílé gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní ìdí pàtàkì kan tó ya òun sọ́tọ̀ lára ará ìlú yòókù. Pé àdúgbò ò dáa kò tó. Ilé-ẹjọ́ wọ́gi lé e. Kí Bruen tó dé, ìpínlẹ̀ lè sọ fún adájọ́ pé òfin àwọn ń dín ikú kù, adájọ́ á sì gbé àǹfààní yẹn wọ̀n pẹ̀lú ẹ̀tọ́. Bruen ní kò sí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ohun tí ẹnì kan fẹ́ ṣe bá ti bọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ Àtúnṣe Kejì, ọrùn ìpínlẹ̀ ló kù sí láti wá òfin àtijọ́ jáde, ti nǹkan bí 1791 tàbí 1868, tó jọ òfin tuntun náà. Ìdí nìyí tí ìwé ẹjọ́ ìbọn òde òní fi kún fún òfin ẹ̀tù ìbọn àti irú àwọn òfin bẹ́ẹ̀ ti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ó máa ń pani lẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni òfin ti ń yè tàbí kú.

Kò pẹ́ tí ìyẹn fi dá họ́ùhọ́ù sílẹ̀. Fifth Circuit fi ìwọ̀n Bruen sọ pé òfin tó ń gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti pàṣẹ fún pé kó jìnnà sí ìyàwó tàbí olólùfẹ́ rẹ̀ nítorí ìwà ipá kò dúró. Ẹjọ́ ọ̀hún, United States v. Rahimi, dé òkè, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 2024 adájọ́ mẹ́jọ sí ọ̀kan sì yí i padà. Wọ́n ní ìpínlẹ̀ kò nílò ìbejì òfin àtijọ́. Tí ìlànà tó wà nídìí méjèèjì bá ti bára mu, ó tó.

Ẹ fi méjèèjì sọ́wọ́ kan, ẹ ó rí i pé òfin tó bá ti ilẹ̀kùn pa mọ́ gbogbo ará ìlú pátápátá ló ń ṣubú. Òfin tó bá gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí adájọ́ ti rí i pé ó léwu sábà ń dúró. Láísẹ́ǹsì tí ẹnikẹ́ni tó bá kún ojú ìwọ̀n yóò rí gbà ń dúró. Nínú àkọsílẹ̀ kékeré kẹsàn-án nísàlẹ̀ ìdájọ́ Bruen ni wọ́n ti sọ ọ́, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé bí owó rẹ̀ bá wọ́n kọjá ààlà tàbí tí ìdúró rẹ̀ bá gùn jù, wọ́n ṣì lè pe ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́. Àkọsílẹ̀ kékeré yẹn ló gba HQL Maryland là. Ní ti àwọn ibi tí ìbọn kò gbọdọ̀ wọ̀, ilé ìwé, ilé-ẹjọ́ àti ibùdó ìdìbò kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kò lè kéde gbogbo Manhattan bí ibi ọ̀wọ̀ torí pé èrò pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ ka ojú-ewé tó gbẹ̀yìn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ìdájọ́, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn. Òpin rẹ̀ ni àṣẹ wà. "Affirmed" túmọ̀ sí pé wọ́n fọwọ́ sí ohun tí ilé-ẹjọ́ ìsàlẹ̀ sọ. "Reversed", wọ́n yí i padà. "Vacated", wọ́n pa á rẹ́. "Remanded", wọ́n dá a padà sísàlẹ̀ kí wọ́n tún un gbọ́. Ẹni tó bá rí "vacated and remanded" tó gbà pé òfin ti ṣubú, ó ti kánjú. Ní oṣù keje 2024, lẹ́yìn Rahimi, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pa ìdájọ́ Second Circuit lórí òfin tuntun tí New York ṣe lẹ́yìn Bruen rẹ́, ó dá a padà. Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá, Second Circuit tún kọ ọ́ jáde, èsì náà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá òfin fúnra rẹ̀ ni wọ́n dá lẹ́bi, tàbí bí wọ́n ṣe fi mú ẹnì kan. Bryan Range, ará Pennsylvania, jẹ̀bi ní 1995 pé ó parọ́ nípa owó tó ń wọlé fún un kí ìjọba lè fún un ní ìrànwọ́ oúnjẹ. Nítorí ìyẹn kò lè ní ìbọn láéláé lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Third Circuit dá a láre ní 2023, wọ́n sì tún dá a láre ní oṣù kejìlá 2024. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni wọ́n dá láre. Òfin tó ní ẹni tó ti jẹ̀bi ẹ̀sùn ńlá kò gbọdọ̀ ní ìbọn ṣì wà fún gbogbo ènìyàn yòókù, títí kan àwọn tí ọ̀ràn wọn jọ tirẹ̀, àyàfi tí àwọn náà bá gbé ẹjọ́ tiwọn lọ kí wọ́n sì borí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá ni "as applied". Bí ẹ bá rí i, ẹ mọ̀ pé ìdájọ́ náà kéré ju bí àkọlé ìròyìn ṣe gbé e lọ.

Ẹ tún wo àwọn tí àṣẹ náà dáàbò bò. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 2025, tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ Trump v. CASA, adájọ́ àpapọ̀ kò lè fi àṣẹ tó ń dá òfin dúró bo ẹni tí kò sí nínú ẹjọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àṣẹ lè wà tó ń dáàbò bo ẹgbẹ́ tó pẹjọ́ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan. Bí ẹ kì í bá ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀hún, ọlọ́pàá lè fi òfin kan náà mú yín lọ́jọ́ kan náà.

Ṣé ìdájọ́ náà ti ń rìn?

Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kì í rìn lọ́jọ́ tí wọ́n kà á. Ìwé kan tí wọ́n ń pè ní "mandate" ló ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó pàdánù ní ọjọ́ 14 láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un gbọ́, 45 bó bá jẹ́ ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Bí kò bá bẹ̀bẹ̀, mandate á jáde ní ọjọ́ méje lẹ́yìn ìyẹn. Ìyẹn ni pé ní ẹjọ́ tó wà láàárín ará ìlú àti ìpínlẹ̀, ọjọ́ 21 ló yá jù. Tó bá bẹ̀bẹ̀, mandate ò ní jáde títí wọ́n á fi dá a lóhùn. Ibi tí HQL gbà sá mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn: Maryland bẹ̀bẹ̀ kí mandate tó jáde, gbogbo adájọ́ gbà á, ìdájọ́ àwọn mẹ́ta sì di òfo.

Ti District Court yàtọ̀. Àṣẹ adájọ́ yẹn lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìpínlẹ̀ sì máa ń sáré lọ béèrè "stay", àṣẹ tó ń dá ìdájọ́ dúró títí kòtẹ́milọ́rùn á fi parí. Láàárín méjèèjì ni àlàfo kékeré máa ń ṣí sílẹ̀. Ní Illinois, adájọ́ kan dá òfin tó ka irú àwọn ìbọn gígùn bí AR-15 léèwọ̀ dúró ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2023. Seventh Circuit fi stay dé e ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún. Ọjọ́ mẹ́fà. Ní California, adájọ́ kan wọ́gi lé òfin tó ní àpótí ọta inú ìbọn kò gbọdọ̀ gbà ju ọta mẹ́wàá lọ, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2019. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ni wọ́n tún ti í. Adájọ́ náà dáàbò bo àwọn tó rà á láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tí kò ní rìsíìtì tó ní déètì lórí, ẹ̀rí wo ló kù? Ní oṣù kẹta 2025, Ninth Circuit en banc wá sọ pé òfin náà tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní tiwa, ẹni tó ń fi ìbọn dáàbò bo ilé kò ní ìdí láti máa bá irú àlàfo bẹ́ẹ̀ sáré.

Nígbà míì ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀ á fún ìpínlẹ̀ láyè. Ní oṣù kejìlá 2012, Seventh Circuit ní Illinois kò lè máa ka gbígbé ìbọn níta léèwọ̀ pátápátá, ó sì fún un ní ọjọ́ 180 láti ṣe òfin tuntun. Ọjọ́ 9 oṣù keje 2013 ni ilé aṣòfin Illinois ní Springfield tó parí tiwọn. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá gbé ìbọn jáde ní Chicago ń rú òfin.

Kí ni ìpínlẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìdájọ́?

Ìbéèrè yìí la gbà pé ó ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ẹni púpọ̀ kì í béèrè. Ìpínlẹ̀ tó pàdánù kì í ká ọwọ́ gbera. Bruen jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 2022. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, ọjọ́ kẹjọ gééré, gómìnà New York ti fọwọ́ sí òfin mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Wọ́n yọ "ìdí pàtàkì" kúrò bí ilé-ẹjọ́ ṣe ní kí wọ́n ṣe, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: ẹ̀kọ́ wákàtí 16 nínú kíláàsì àti wákàtí méjì níbi ìbọn yínyìn, ẹlẹ́rìí mẹ́rin tó máa jẹ́rìí ìwà ènìyàn, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ojú kojú, orúkọ tí ènìyàn ń jẹ́ lórí Facebook àti irú wọn. Wọ́n ka Times Square, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, pápá ìṣeré, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí mọ́ ibi tí ìbọn kò gbọdọ̀ wọ̀. Ní 2023, wọ́n tún òfin ṣe kí àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìjọsìn lè gbé e. Ẹ̀yin tó wà ní ẹ̀ka ààbò ìjọ ní Brooklyn tàbí Bronx, ẹ ka gbólóhùn yẹn nínú òfin fúnra rẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ ààbò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kàn, kì í ṣe gbogbo ọmọ ìjọ tó ní láísẹ́ǹsì.

Nínú òfin tuntun yẹn, Second Circuit jẹ́ kí púpọ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n dá dúró, àti èyí tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìbọn wọ ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé oúnjẹ àfi tí ẹni tó ni ibẹ̀ bá kọ ọ́ síta pé òun gbà. Hawaii ní irú òfin kejì yìí, Ninth Circuit sì ní ó dúró. Wolford v. Lopez ni orúkọ ẹjọ́ náà. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbà ní oṣù kẹwàá 2025 láti gbọ́ ọ. Ibi tó bá fì sí, New York, New Jersey, Maryland àti California ló kàn.

Àwọn ìpínlẹ̀ tí kò sí nínú ẹjọ́ Bruen náà kò jókòó. New York nìkan ni àṣẹ bá, ṣùgbọ́n Maryland, New Jersey, Massachusetts, Hawaii àti California ní irú òfin yẹn. Agbẹjọ́rò àgbà California ti kọ̀wé ní ọjọ́ kejì pé kí wọ́n má béèrè ìdí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Gómìnà Maryland pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù keje, láì tíì sí òfin tuntun. Ìwé bẹ́ẹ̀ láti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà tàbí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni ẹ máa wá, torí òfin àtijọ́ lè ṣì wà nínú ìwé fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tó ti kú. Texas ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: adájọ́ kan ní Fort Worth ní oṣù kẹjọ 2022 sọ pé ìpínlẹ̀ kò lè dí ọmọ ọdún 18 sí 20 lọ́wọ́ gbígbé ìbọn, ìpínlẹ̀ pe kòtẹ́milọ́rùn, nígbà tó di oṣù kejìlá wọ́n fà á padà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn, láì dé òkè.

Bí ẹ bá gbọ́ pé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ "kọ̀" láti gbọ́ ẹjọ́ kan, kò túmọ̀ sí pé wọ́n fọwọ́ sí ohunkóhun. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà 2025 wọ́n kọ ẹjọ́ Snope v. Brown lórí AR-15 ní Maryland. Òfin Maryland dúró nítorí pé Fourth Circuit ti ní ó dúró. Kò sọ nǹkan kan nípa Illinois tàbí New Jersey.

Ibi tí ẹ ti máa wò ó

Lórí ojú-ewé àkọ́kọ́ ìdájọ́, ẹ da orúkọ ẹjọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ kọ. 20-843 ni ti Bruen; 20 yẹn dúró fún 2020. Ẹjọ́ tó bá wà ní Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ bíi Bruen, ìkànnì ilé-ẹjọ́ náà lẹ ti máa wò ó; ti àwọn ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ yòókù, ẹ tẹ nọ́ńbà náà sí CourtListener, ọ̀fẹ́ ni, tàbí PACER ti ìjọba, tó ń gba sẹ́ǹtì mẹ́wàá lójú-ewé kan, tí kò sì ń gbà ju dọ́là mẹ́ta lọ lórí ìwé kan. Bí owó yín ò bá kọjá 30 dọ́là láàárín oṣù mẹ́ta, wọn ò ní gbà á. Ẹ lọ sísàlẹ̀ docket, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹjọ́, níbi tí ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn wà, kí ẹ wá "stay", "mandate", "rehearing" (ìbéèrè pé kí wọ́n tún un gbọ́). Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ìkànnì ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yín, ẹ wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń gbà lónìí. Bí fọ́ọ̀mù bá ṣì ń béèrè ohun tí ìròyìn ní wọ́n ti fagi lé, fọ́ọ̀mù ni kí ẹ gbà gbọ́ títí lọ́yà á fi sọ òmíràn.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú ní láti ṣọ́ra jù. Ẹni tó ní gíríìn káàdì lè ní ìbọn lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ti iṣẹ́ bíi H-1B, tàbí ti àbẹ̀wò kò lè ní in, àyàfi bó bá bọ́ sínú àwọn àyọsílẹ̀ díẹ̀, bíi ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tí ìpínlẹ̀ fún un. Bruen kò yí ìyẹn padà. Ẹ̀sùn ìbọn kékeré tí ọmọ ìlú á fi owó ìtanràn yanjú lè di ìdí tí wọ́n á fi lé ẹni tó ní gíríìn káàdì kúrò nílùú, torí náà kí ẹ tó gbà pé ẹ jẹ̀bi ohunkóhun níwájú adájọ́, lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú gbọ́dọ̀ ti rí ìwé ẹ̀sùn náà.

Láísẹ́ǹsì Maryland kò wúlò ní New Jersey. Ẹni tó bá ń wakọ̀ láti Bowie ní Maryland lọ sí Connecticut lè gbé ìbọn kọjá lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, bó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i níbi tó ti kúrò àti níbi tó ń lọ. Kó yọ ọta kúrò, kó fi ìbọn àti ọta sínú búùtù níbi tí ọwọ́ kò ti lè tó wọn látìjókòó. Ọkọ̀ tí kò ní búùtù, àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni, kì í sì í ṣe àpótí kékeré iwájú ìjókòó.